Ohun Tí Mo Ń Sọ Lórí Pápá Kẹrin

Pápá tẹníìsì mẹ́rin ni ẹgbẹ́ wa ní, ẹ̀rù ìkẹrin ló sì máa ń bà mí. Pápá kìíní wà létí títì, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà tí ẹ̀rọ ìlapákó wọn kì í sinmi. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Pápá kẹrin wà lẹ́yìn pátápátá, ògiri yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta, ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ní pápá kìíní, mo ti na àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ. Ní pápá kẹrin, ọmọ ilé ìwé ti nà mí. Ọ̀sẹ̀ yìí kìnnìún, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àgùntàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Iná Ìjọba, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí màá tàn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan mo wo ìwé tí kóòṣì lẹ̀ mọ́ pátákó: èmi àti Abẹ́rẹ́, pápá kẹrin, aago mẹ́sàn-án.

Obìnrin mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ wa ń mú. Èmi ni ìkẹjọ. Ẹni tó wà ní ipò kẹsàn-án lè pe ẹni kẹjọ níjà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó bá sì borí, ó gba àyè rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní kóòṣì mọ́, kò ní bá ẹgbẹ́ lọ sí ìdíje kankan mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Ẹni tó bá jáde lọ́jọ́ orí yẹn, kò sẹ́ni tó máa pè é padà. Iṣẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ ni kí n máa so okùn mọ́ rákẹ́ẹ̀tì nínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Tí mo bá pàdánù, màá jókòó síbẹ̀ máa so okùn fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi fúnra mi ò sì ní gbá a mọ́.

Abẹ́rẹ́ ni ìkẹsàn-án. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó gùn, ó tín-ín-rín, ibi tó bá ti rí ihò ló ń gbà kọjá.

Kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fún mi ní ìwé pélébé. "Kà á."

Mo kà á. "Èmi ni akọni. Kò sí ohun tó lè bì mí ṣubú."

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

"Rárá, sà."

"Máa kà á títí wàá fi gbà á gbọ́."

"Sà, okùn rákẹ́ẹ̀tì kì í le torí pé wọ́n pè é ní okùn líle. Èèyàn ló máa fà á."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹnu rẹ mú ju rákẹ́ẹ̀tì rẹ lọ. Ó dáa, fi ìwé sílẹ̀. Èyí tí mo kọ́ ẹ lọ́jọ́sí ńkọ́? Kó o tó gbá bọ́ọ̀lù, kó o sọ ibi tó ń lọ fún ara rẹ nínú ọkàn rẹ."

"Ìyẹn ni mo máa ń ṣe, sà."

Ọdún méjì ni mo ti ń ṣe é. Nínú gbogbo ohun tó kọ́ mi, èyí nìkan ni mo rí bí iṣẹ́ gidi, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi wá. Télọ̀ ni, ó sì gbé aṣọ oníbàárà kan dání tó ń fọwọ́ rán etí rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wáyà tó dí ọ̀nà kẹrin pápá náà, ó wo ojú mi.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Lọ wẹ ojú yẹn kúrò, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún."

Kò sí adájọ́ nínú irú ìjà yìí. Ẹni tó bá ń gbá sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, ló máa ké àmì ayò sókè, yóò sì gbá a. Mo ké e. Nínú ọkàn mi mo sọ pé, ọwọ́ òsì rẹ̀, kó jìn. Mo gbá a. Abẹ́rẹ́ ti wà níbẹ̀.

Mo ní kò burú. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ọwọ́ ọ̀tún, kó sún mọ́ ìlà. Ó ti wà níbẹ̀ náà. Kì í ṣe pé ó sáré débẹ̀ o. Ó dúró, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tó mọ àsìkò rẹ̀.

Ohùn mi tó wà nínú lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀. Òkú ẹran. Wò ó bó o ṣe ń gbọ̀n. Ìwọ tó o ti dàgbà yìí. Ẹni tó bá pàdánù ń bínú ni, àmọ́ èmi ò bínú. Ẹ̀rù ló bà mí, torí ó dà bíi pé ọmọ yìí wà nínú orí mi. Bí mo bá ti ro nǹkan báyìí, ó ti mọ̀ ọ́n. Mo gbá bọ́ọ̀lù méjì sínú nẹ́ẹ̀tì nítorí pé ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, ìyẹn apá àkọ́kọ́ nínú ìjà náà, ní mẹ́fà sí méjì.

A jókòó sórí àga méjì tó wà lábẹ́ ìbòòji. Mo ṣí ìgò omi mi, mo mu díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń nu ọrùn rẹ̀, kò wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n Iná," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ẹ yé bú ara yín báyẹn mọ́."

"Báwo?"

"Ẹ ti pe ara yín ní òkú ẹran ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìyá mi ò ní jẹ́ kí n pe ajá bẹ́ẹ̀."

Mo gbé ìgò sílẹ̀. "O gbọ́ mi?"

Ìgbà yẹn ló wá yíjú sí mi. Ó wò mí, ó sì rí i lójú mi pé mi ò mọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Abẹ́rẹ́, kí lo tún gbọ́?"

"Gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀tún, òsì, kó jìn. Ẹ máa ń sọ ọ́ kí bọ́ọ̀lù tó lọ sókè. Gbogbo wa la máa ń gbọ́ ọ. Pápá kìíní nìkan ni kò ṣeé gbọ́, torí ariwo káfíńtà."

Ọdún méjì. Àwọn tá a jọ ń jẹun. Wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń dúró síbi tí mo bá dárúkọ, wọ́n á sì bọ̀ mí lọ́wọ́ tí wọ́n bá nà mí tán, wọ́n á ní, "Iná Ìjọba, wọ́n tún ti mú un lọ." Mo fọwọ́ kan ètè mi bí ẹni ń wá ojú ọgbẹ́.

A dìde. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kò dáa, àmọ́ mo ṣe é: mo ní màá fi ẹnu sọ òsì, màá gbá a sí ọ̀tún. Mo sọ òsì. Ọwọ́ mi gbọ́ ti ẹnu mi, ó gbá a sí òsì. Abẹ́rẹ́ gbá a padà, ó kọjá mi fìì. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọwọ́ yẹn, ó sì ti mọ ọ̀gá rẹ̀.

Mo gbìyànjú láti di ẹnu mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó dì. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: mi ò lè mọ̀ ọ́n. Mò ń wo ojú Abẹ́rẹ́ bóyá yóò sọ fún mi, ojú rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan.

Mo lọ gbé ìgò omi mi wá, mo gbé e sídìí wáyà lẹ́yìn mi. Mo ké àmì ayò, mo bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, mo rìn lọ sídìí ìlà. Ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ láìda omi sí àyà. Mo gbá a. Abẹ́rẹ́ lọ sí òsì, bọ́ọ̀lù lọ sí ọ̀tún.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé sẹ́nu?"

Mo gbé omi náà mì. "Oúnjẹ àárọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wáyà. Mi ò rẹ́rìn-ín. Nínú lọ́hùn-ún, ohùn náà ò dákẹ́ rárá, ó tiẹ̀ le sí i, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Wàá pàdánù. Wàá jókòó sínú yàrá yẹn títí wàá fi darúgbó. Àmọ́ èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ. Mo gba sẹ́ẹ̀tì kejì ní mẹ́fà sí mẹ́rin, ikùn mi sì kún fún omi débi pé ó ń dún nígbà tí mo bá ń sáré.

Tí kálukú bá ti gba sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ wa kì í gbá sẹ́ẹ̀tì kẹta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé àmì mẹ́wàá, tó sì fi méjì ju ẹnìkejì lọ, ló gbà á. A ń bá ara wa lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ké e: "Mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ." Sáàfù ti di tèmi. Mo gbé ìgò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Mo dúró sídìí ìlà pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ. Ohùn náà sọ pé, wàá gbá a sínú nẹ́ẹ̀tì. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ ọ́n lára pé ètè mi mì. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ gbé orí sókè, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń dúró de èyí tó kù.

Mo fi eyín mú ètè mi ìsàlẹ̀. Mo mú un le, títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Mi ò yan ibì kankan. Mo ju bọ́ọ̀lù sókè, mo gbá a bó ṣe rọrùn fún apá mi, ó sì lọ tààrà sí àyà Abẹ́rẹ́ tó ṣì ń tẹ́tí. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́. Bọ́ọ̀lù kan igi rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fò kọjá ògiri. Mẹ́wàá sí mẹ́jọ.

Kì í ṣe ìgboyà. Eyín ni.

Abẹ́rẹ́ wá sídìí nẹ́ẹ̀tì, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ká ní mi ò sọ fún yín ni, ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo nípò yẹn."

"Ìwọ ni," mo ní. "O ṣeun."

Kóòṣì ń bọ̀, ó na apá méjèèjì. "Akọni! Mo ní kí lo jẹ́?"

"Sà, ṣé ẹ̀yin náà máa ń gbọ́ mi?"

Apá rẹ̀ wálẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀. "Mo rò pé àdúrà lo máa ń gbà."

Ó fi ìkẹjọ sílẹ̀ mọ́ orúkọ mi lórí pátákó. Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ máa lọ sí ìdíje, èmi náà máa lọ, mi ò sì mọ bí pápá wọn ṣe dákẹ́ tó.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀nà ilé. Ó ká aṣọ oníbàárà rẹ̀ sábẹ́ apá. A dé ìkòríta kí n tó lè bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè nílé náà?"

"Láti kékeré."

"Kí ni mo máa ń sọ?"

Ó wò mí, ó wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá, ó di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ délé ná," ló wí.