Ọdún Tí Ìwé Mi Kú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ lò nílé bàbá mi. Bàbá yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì kán. Màmá Tíṣà, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ló pè mí lórí fóònù. Bó bá ṣe ti Bàbá ni, wọn ì bá ní kòkòrò ló jẹ àwọn. Èmi nìkan lọmọ tí wọ́n bí. Mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, mo di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì kékeré kan. Mo sọ fún ọmọbìnrin mi pé kó tó mọ̀ pé mo lọ, màá ti dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Bàbá rẹ̀ gbé mi dé pápákọ̀ òfurufú, ó ní kí n bá òun kí àna òun. A ò tilẹ̀ dì mọ́ra dáadáa, torí pé ibi tó gbé mọ́tò sí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí n padà ni wọ́n ti gbogbo pápákọ̀ pa. Àrùn tí a ń gbọ́ lórí rédíò bí ìròyìn ilé onílé ti wọlé tọ̀ wá. Wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé ara rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sùn nígbà tí mo wà níléèwé, mo gbé báàgì tí mo ti dì lé ẹsẹ̀, mo ń wò ó. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ èwo nilé, mi ò sì mọ èwo loko.

Ohun tó ń já mi láyà ju àrùn náà lọ ni káàdì ìgbélùú mi. Oṣù mẹ́rin ló kù kó parí. Ọdún mẹ́wàá ni èmi àti ọkọ mi ti ń gbé ìlú onílùú yẹn, bí ẹni gbé ẹyin la sì ṣe máa ń gbé káàdì yẹn. Bó bá ti ń sún mọ́ àtiparí, wàá lọ tò níwájú ọ́fíìsì, wọn á tẹ ìka rẹ, wọn á ya fọ́tò rẹ, wàá wá lè mí fún ọdún méjì sí i. Ìwọ fúnra rẹ lo gbọ́dọ̀ lọ. Wọn kì í gba aṣojú.

Ọkọ mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bá ilẹ̀kùn ní títì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan yọjú láti inú gíláàsì, ó ní kí ẹni tó ni káàdì wá fúnra rẹ̀. Mo pe àwọn tó ni ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ní bí ọ̀nà bá tilẹ̀ ṣí, àwọn ò lè gbé ẹni tí káàdì rẹ̀ ti kú. Mo kọ íméèlì sí ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n mú káàdì tí kò tíì kú wá sójú wíńdò. Kí n tó lè tún un ṣe, àfi kí n débẹ̀. Kí n tó lè débẹ̀, àfi kí n ti tún un ṣe. Lọ́jọ́bọ̀ kan, nígbà tí mo ń fọ abọ́, káàdì náà kú.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ìyá mi," wọ́n ní. Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, torí wọ́n ní ojú ìyá àwọn ni mo gbé wáyé. "Ṣé ìwé ló kú ni, àbí ìwọ?"

"Ìwé ni, Bàbá."

"Ẹni tó ni ín ṣì ń mí. Lọ bu omi wá ká mu."

Ẹ̀yìn ilé Bàbá ni ilé búrẹ́dì wà. Búrẹ́dì ni wọ́n fi tọ́ mi. Ààrò bíríkì ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó ga dé àyà àgbàlagbà, pẹ̀lú tábìlì onígi gígùn kan tí àwọn ọwọ́ ti fi pípò jẹ láàárín, tó wá tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹṣin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí àpò fúláwà ni mo ti ń sun oorun ọ̀sán. Tí mo bá jí, ẹ̀gbẹ́ ojú mi kan á funfun báláú, àwọn oníbàárà á wá máa pè mí ní Ìdajì Òyìnbó. Àpò fúláwà náà ni ìyá mi ń fọ̀, tí wọ́n fi ń rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ fún mi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé orúkọ iléeṣẹ́ fúláwà sídìí lọ síléèwé. Ìyá mi ló sì máa ń sọ bóyá búrẹ́dì ti jinná. Wọ́n á yọ ọ̀kan, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á fi ìka kan ìdí rẹ̀, wọ́n á gbétí sí i. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ó ti pé ọdún mẹ́fà nígbà náà, Bàbá ò dá iná sínú ààrò náà mọ́.

Ìlú ńlá ni ọkọ̀ ti ń gbé búrẹ́dì wá sí àdúgbò. Nígbà tí wọ́n dí ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ò wá mọ́. Lóṣù karùn-ún tí mo ti wà nílé, Màmá Tíṣà wá dúró lẹ́yìn ọgbà, pẹ̀lú ìbòmú tí wọ́n fi aṣọ kọ́tìnnì rán. Àwọn ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin, wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, ohùn wọn sì ṣì ń mú mi nàró ṣánṣán. Wọ́n bi Bàbá bóyá ààrò yẹn náà ti kú ni.

Bàbá ní ààrò ò kú, ọwọ́ ló kú. Egungun ọwọ́ wọn ti jinná, ṣùgbọ́n kò lágbára àtifún aṣọ tútù. Wọ́n wo ọwọ́ tiwọn, wọ́n wá wo tèmi.

"Ìwọ tó o ti ń ṣe iṣẹ́ búrẹ́dì lọ́hùn-ún láti ọdún mẹ́wàá," wọ́n ní, "mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wá ká rí i."

Ojú tì mí. Láti ọdún mẹ́wàá yìí wá, gbogbo ẹni tó bá dúró kí Bàbá ni wọ́n ń sọ fún pé ọmọ àwọn gbé iṣẹ́ àwọn kọjá òkun. Mi ò sì tako wọn rí. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì ni mo ń dúró sí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti nẹ́ẹ̀tì lórí, tí mo ń ṣa búrẹ́dì tó bá wọ́ kúrò láàárín àwọn tó tọ́. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Fúláwà ò kàn mí lọ́wọ́ níbẹ̀ rí. Mo jẹ́wọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Bàbá wò mí títí. Nígbà tó yá, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín sì bú jáde. Wọ́n rín in títí wọ́n fi di ògiri mú. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

"Ọdún mẹ́wàá," wọ́n ní, "tó o fi ń wo búrẹ́dì bí ọlọ́pàá ojú títì ṣe ń wo mọ́tò."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógójì. Bàbá á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa fẹnu darí ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí n má bá fúláwà tí mo ń pò jà, kí n máa tì í lọ, kí n máa fà á bọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ tí kò fẹ́ sùn. Àkọ́yan wa le débi pé Màmá Tíṣà ní àwọn á fi tiwọn dá ilẹ̀kùn dúró kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a. Èkejì wú ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, Bàbá kan ìdí búrẹ́dì kan, wọ́n gbétí sí i bí ìyá mi ti máa ń ṣe. Wọ́n kàn bù ú jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sán la máa ń yan án, kó lè gbóná lọ́wọ́ àwọn èèyàn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bàbá fi eérú fa ìlà sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, kí àwọn tó ń tò má baà sún mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀pá wọn ṣe ọlọ́pàá ìlà náà. Tí gbogbo èèyàn bá ti lọ, àwa méjèèjì á jókòó ti ààrò tó ń tutù lọ, wọ́n á máa sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé oníbàárà ni ìyá mi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá búrẹ́dì padà, wọ́n ní ó ti jóná nídìí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Bàbá ní kí wọ́n kúkú wá máa yan án fúnra wọn. "Ó sì wá," Bàbá ní. "Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ń sọ fún mi pé ó ti jóná."

Ara mi ń balẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ọjọ́ kan wà tí mi ò rántí káàdì yẹn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí mo wá rántí, ó dà bí ẹni tó gbàgbé ọmọ sọ́jà.

Lóṣù kẹjọ, ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù dún nígbà tí ọwọ́ mi wà nínú fúláwà dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá ló tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sí mi létí. Ọkọ mi ni.

"Ìyá ọmọ mi," ó ní, "ọmọ rẹ ti di obìnrin."

Ó ní ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù láti àárọ̀. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀ fún wákàtí méjì. Òun fúnra òun ló sáré lọ ra ohun tó yẹ, tó jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí rẹ̀ sókè fún un, bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó fún un ní fóònù.

"Mọ́mì, mo ti ṣe é," ọmọ mi ní. "Ẹ má ṣèyọnu."

Kò sunkún. Ohùn tí èèyàn fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó dá fóònù padà fún bàbá rẹ̀. Mo padà sórí ohun tí mo ń pò, mo pò ó títí ó fi le jù. Bàbá ò sọ pé ó ti bàjẹ́.

Nígbà tí a ń gbá ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tó la ẹnu.

"Ìyá mi, mo ti ń gbàdúrà kí ọ̀nà yẹn má ṣí," wọ́n ní. "Mo fẹ́ kó o mọ̀. Láti òní lọ, mo ti yí àdúrà náà padà."

Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, torí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń lò ó.

Lóṣù kọkànlá, ìròyìn jáde pé ẹni tí káàdì rẹ̀ kú nígbà tí kò sí nílé lè lọ gba ìwé ìwọ̀lú kan ní ẹ́ńbásì. Mo rìnrìn àjò wákàtí mẹ́fà lọ síbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó wà ní wíńdò, gba tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ́gi lé, ó gba ìwé ọsibítù Bàbá, ó wá bi mí ohun tí mo fi gbogbo oṣù wọ̀nyí ṣe. Mo ní mo ń tọ́jú bàbá mi. Ó wo èékánná mi tí fúláwà ti kún abẹ́ rẹ̀. Ó tẹ òǹtẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ìwé náà tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí mo lọ, Bàbá ò sìn mí. Mo bá àwọn àti Màmá Tíṣà nídìí tábìlì, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Màmá Tíṣà lẹ̀ mọ́ra, Bàbá ń bá wọn wí pé wọ́n ń bá fúláwà jà. Mo dọ̀bálẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wọn bí ọkùnrin. Bàbá gbé ọwọ́ tó kún fún fúláwà lé mi lórí. "Máa lọ," wọ́n ní, "kí ọkọ̀ má fi ọ́ sílẹ̀." Inú mọ́tò ni mo ti rí i nínú dígí pé ìdajì orí mi ti hewú. Mi ò gbọ̀n ọ́n nù títí mo fi dé pápákọ̀.

Ọ́fíìsì tó há mi mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún ọdún kan tún káàdì mi ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin tó tẹ ìka mi ò gbójú sókè. Níbi iṣẹ́, ẹlòmíràn ti dúró sí àyè mi, wọ́n fi mí sídìí bẹ́líìtì mìíràn. Nílé, ọmọ mi ti ga dé etí mi. Ó kí mi, ó gba báàgì mi, ó sì ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bí ó bá fẹ́ jáde. Ó tó oṣù méjì kó tó tún wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìjẹ́ pé mo pè é.

Bàbá àti Màmá Tíṣà yan búrẹ́dì fún ọdún méjì sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Káàdì mi ṣì dára. Láàárín ọjọ́ méjì mo ti dé, mo sì rí ojú wọn kí a tó sin wọ́n.

Táwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ọdún àrùn yẹn, wọ́n á ní ọdún tó ṣòfò ni. Wọ́n á kí mi kú ewu. Mo máa ń dáhùn, mo máa ń mi orí. Mi ò lè sọ fún wọn pé àárò rẹ̀ ń sọ mí, torí ó ṣeé ṣe kí ọmọ mi wà nítòsí, kó gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, mo ń dirun fún un. Ó wá béèrè.

"Mọ́mì, ṣé inú yín dùn níbẹ̀?"

Ọwọ́ mi dúró. Irọ́ ò jìnnà sí mi lẹ́nu.

"Inú mi dùn," mo ní. "Mo ń sunkún rẹ lójoojúmọ́, inú mi sì ń dùn."

"Mo mọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ lóhùn yín. Ó máa ń bí mi nínú."

"Báyìí ńkọ́?"

Ó ní ó ti ń dín kù. Ó wá tẹ orí ba kí ọwọ́ mi lè dé ìpàkọ́ rẹ̀ dáadáa, mo sì ń bá irun náà lọ.