Bándéèjì Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹṣin náà mi orí. Àwòdì, ọkùnrin tó ń gùn ún, ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ó fa ìjánu mọ́ra kí orí náà má baà tún lọ sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí àwọn adájọ́. Ẹ̀rín kì í wo ẹsẹ̀ ẹṣin sàn.

"Ẹ tú ìjánu sílẹ̀," ni ìyá tó jẹ́ adájọ́ àgbà wí. "Ẹ jẹ́ kó rìn bó ṣe fẹ́ rìn."

Ó tú u sílẹ̀. Ẹṣin ń tiro. Kódà ẹni tó wá ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá rí i.

Ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni. Lọ́jọ́ kìíní, ẹṣin á rin ìrìn ẹ̀yẹ. Lọ́jọ́ kejì, á sáré gba inú igbó àti odò, á máa fo àwọn igi tí wọ́n gbé dí ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, á fo igi láàárín pápá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á sáré níwájú adájọ́ àti dókítà ẹran. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àwòdì ti fi ń ṣe é kiri ayé. Òfin kan ló ń bà á lẹ́rù: ẹni tó bá mọ̀ pé ẹṣin òun ti fara pa, tó sì tún ń gùn ún lọ, wọn á lé e kúrò nínú iṣẹ́ náà pátápátá.

Àwòdì sì mọ̀. Lánàá, bí wọ́n ṣe jáde nínú odò, ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan já lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú. Igi mọ́kànlá ló kù. Ó na ẹran náà lẹ́gba, ó sì fo gbogbo rẹ̀.

Dókítà ẹran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ náà. "Ó ti wú. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Bándéèjì ni," ni Àwòdì wí. "Wọ́n dì í le jù lánàá."

Àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Bándéèjì tó bá le jù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn, tó bá fi máa di àárọ̀, iṣan á ti wú.

"Ta ló dì í?"

Ọmọbìnrin Àwòdì dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, oṣù tó ń bọ̀ lòun náà fẹ́ kọ́kọ́ gun ẹṣin fún orílẹ̀-èdè. Òun ló fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà lánàá, tó ní, "Bàbá mi, ó gbóná o. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn." Bàbá ní kó lọ gbé yìnyín wá.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà o.

"Ọmọ mi ni," ni Àwòdì wí.

Olórí ikọ̀ wọn, ẹni tó ń yan àwọn tó máa gun ẹṣin fún orílẹ̀-èdè, kọjú sí ọmọ náà. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá ń tún ìjánu tí kò bàjẹ́ ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni."

"Ẹni tí ò mọ bándéèjì dì, kí ló fẹ́ gùn?" Olórí ikọ̀ yọ bírò, ó fagi lé orúkọ ọmọ náà nínú ìwé ti oṣù tó ń bọ̀ lójú gbogbo wọn.

Wọ́n yọ ẹṣin náà kúrò nínú ìdíje. Ṣùgbọ́n Àwòdì ní ẹṣin kejì nínú ìdíje náà. Lọ́sàn-án, ó fo gbogbo igi, ọ̀kan ò já bọ́, ó sì gba ipò kẹta. Ojú tì í díẹ̀. Inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀, ìyẹn ló burú níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ wá gba ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó tú gàárì, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wàá gun ẹṣin fún orílẹ̀-èdè lọ́dún tó ń bọ̀," ni Àwòdì wí. "Màá bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa, ọ̀gá," ni ó fèsì, bí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́. Ó fa ẹṣin lọ.

Àwòdì dúró, ó ń retí kó yíjú padà kó pe òun bó ṣe yẹ kó pe òun. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé "ọ̀gá" tó pè é yẹn, bó ṣe yẹ kó pè é ni.