Ta Ni Yóò Kọ́ Dúró-ná?

Ẹ̀rù ẹṣin ń ba Ìyá Oníbúrẹ́dì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Obìnrin tó ti ń ki ọwọ́ bọ ààrò gbígbóná láti kékeré, ẹ wá wò ó bó ṣe ń sá fún ẹranko tó ń jẹ koríko. Bó bá ti ń sún mọ́ Dúró-ná, ẹṣin ilé wọn, láti fi ìjánu sí i lẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló ni ẹṣin náà. Ìyàwó ń ṣe búrẹ́dì, ọkọ ń kó o sórí kẹ̀kẹ́ tí Dúró-ná ń fà, ó ń pín in láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́lé. Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe dá bàbá wó lójijì. Ó mú gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń gbọ́ tirẹ̀.

Ìyá wá gba iṣẹ́ méjèèjì ṣe, ṣùgbọ́n ẹṣin ò gbà fún un. Yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, yóò dúró bó ti yẹ. Tí wọ́n bá ti gba búrẹ́dì tán, ó di kó máa wo ojú ọ̀run. Ìyá á ní "ó yá," á fa okùn, á bẹ̀ ẹ́, á gbé e ṣépè. Dúró-ná ò ní gbẹ́sẹ̀ àfi ìgbà tó bá wù ú. Búrẹ́dì ń tutù, oníbàárà ń lọ ra tẹlòmíì. Bí kò bá sí àtúnṣe, àfi kí wọ́n tà á, bẹ́ẹ̀ ẹṣin yìí nìkan ni ohun tí bàbá ṣì ń rí tí ojú rẹ̀ ń tàn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni méjì ló ń fi kíkọ́ ẹṣin jẹun nítòsí wọn. Ọ̀kan ni Ọ̀gá Ibùso, ẹni tó ní ọgbà tí wọ́n ń so ẹṣin sí. Wàá mú ẹṣin rẹ lọ bá a, á máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, á máa bọ́ ọ, á máa kọ́ ọ, ìwọ á sì wá mú un nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n. Èkejì ni ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Oníbúùtù, torí kì í bọ́ bàtà gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kódà bó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Òun kì í gba ẹṣin sọ́dọ̀. Ilé rẹ ló máa wá, á kọ́ ìwọ àti ẹṣin pọ̀ lójú ọ̀nà tí ẹ ń rìn.

Ìyá ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Àǹtí. Kí ni ẹni tó ń sá fún ẹṣin fẹ́ fi ẹ̀kọ́ àjọkọ́ ṣe? Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ibùso ló gbà lọ. Wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn ẹṣin yọrí síta, ọwọ́ ọkùnrin náà sì rọ̀ lára wọn.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Màmá," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá máa fi rí i, ẹ máa rò pé ẹṣin tuntun ni."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Ìyá. Á lè sinmi lọ́wọ́ ẹranko yìí fúngbà díẹ̀.

Nígbà tó sọ fún ọkọ rẹ̀ nílé, bàbá mi orí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì lu apá àga onígi tó jókòó lé. Pó. Á dúró díẹ̀. Pó. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti gbé e ti ọsíbítù dé, bí ọ̀rọ̀ ẹṣin bá ti délẹ̀.

"Ẹ máa lù ú," Ìyá ní. "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé búrẹ́dì kiri? Inú tó ń bí yín yìí, èmi ni mo dá àìsàn sí yín lára?"

Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un láìwo ojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún gan-an pé ọkọ tí òun ń wẹ̀ tí òun ń wọṣọ fún ń bá òun jà.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Ibùso fúnra rẹ̀ wá mú ẹṣin, torí Ìyá ò lè dá fà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọ̀nà búrẹ́dì bọ̀ ni. Dúró-ná dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó lóun ò wọlé. Ọ̀gá fọwọ́ ra á lọ́rùn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí, ó fa okùn. Ẹṣin dúró gbagidi. Lórí àga rẹ̀ ní fàráńdà, bàbá gbé ọwọ́ sókè.

Pó.

Dúró-ná gbórí sókè, ó sì wọ inú ọgbà wá láìjanpata.

"Bàbá, ẹ dákun," Ọ̀gá ní lẹ́yìn tó ti dá ẹṣin dúró, "ẹ tún un ṣe."

Bàbá tún lù ú. Ẹṣin tún gbéra. Ọ̀gá yíjú sí Ìyá. "Kí ló máa ń dún báyìí lórí kẹ̀kẹ́ yìí, Màmá?"

Ìyá wo àpótí búrẹ́dì tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Kò ní ìdérí onígi rẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ dànù sẹ́yìn ilé ìdáná, torí ó ń dí òun lọ́wọ́ bí òun bá ń kánjú. Ní gbogbo ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ náà, bó bá ti fún oníbàárà ní búrẹ́dì tán, ó máa ń pa ìdérí yẹn dé ni, pó, ẹṣin á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ "ó yá" fún Dúró-ná rí ṣáájú òun.

"Tí mo bá mú un lọ, tèmi ni màá kọ́ ọ," Ọ̀gá ní jẹ́jẹ́. "Á gbàgbé ti Bàbá. Ẹ má fìyẹn rán mi, Màmá. Àǹtí ló yẹ kẹ́ ẹ pè, òun ló máa ń wá sílé." Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pè é, ó sì nà án sí Ìyá.

"Ta ni kí n kọ́kọ́ kọ́, Màmá?" Àǹtí bi í lórí fóònù. "Ṣé ẹ̀yin ni àbí ẹṣin?"

"Èmi ni," Ìyá ní. "Ẹṣin ti mọ iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí."

Nígbà tí Ọ̀gá lọ tán, Ìyá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ rẹ̀. Ojú ń tì í.

"Mo rò pé ẹ̀ ń bínú sí mi ni," ó ní. "Látọjọ́ yìí."

Bàbá mi orí. Omi wà lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí Ìyá fi dì í mú.