Ìgbín Tí Màmá Mi Yà Lábẹ́ Òkun

Àwọn fọ́tò náà ṣì ń kán tótó nígbà tí màmá mi kó wọn lé tábìlì mi. Màmá ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà ayé wọn, omi òkun kì í kọjá ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti ya àwọn fọ́tò yìí, wọ́n sì yà wọ́n dáadáa. Mi ò béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo fọ́tò ẹran omi, kí n sọ orúkọ rẹ̀.

Ìgbín òkun kan ló wà nínú gbogbo rẹ̀, irú tí kì í ní ìkarahun. Ara rẹ̀ funfun, etí ara rẹ̀ yípo pọ́n bí epo, ó sì gbé ohun tó fi ń mí sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Màmá jókòó. "Dọ̀tun, tètè sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí kò bá lórúkọ lọ́hùn-ún, omi ń gbé e lọ ni. A kì í rí i mọ́."

Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi. Àwọn ẹran inú rẹ̀ na ọrùn wo fọ́tò náà, wọ́n mi orí, wọ́n padà sùn. Ọ́fíìsì ti di ilé ìdáná wa àtijọ́, ọbẹ̀ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Omi ti ń fa ìgbín náà lọ sí etí fọ́tò. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà mo béèrè bó ṣe wáyé.

"Ó dojú bolẹ̀ ni," Màmá ní. "Ojú mi ló ṣe."

"Àjàyí nìyẹn."

Inú ìgbín náà dùn. Ó rọra jáde nínú fọ́tò bọ́ sórí tábìlì. Nígbà tí mo gbójú sókè, àga Màmá ti ṣófo. Inú fọ́tò ni wọ́n wà, wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, omi sì ti ń fa ìró tí wọ́n ró.

"Ta nìyẹn?" Àjàyí béèrè.

"Màmá mi ni."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ."

"Ìyá Dọ̀tun ni."

"Ìwọ ni Dọ̀tun. Tiwọn ńkọ́?"

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò pe màmá mi lórúkọ rí láyé mi. Ẹni tó bá dán an wò nílé wa, ìgbájú olóòyì ni yóò kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n omi ti gbé wọn dé etí fọ́tò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kí wọ́n má bínú, mo sì pariwo, "Ìbídùnní!"

Omi dúró. Màmá rọra yíjú padà, wọ́n lejú mọ́ mi. "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ojú yẹn gan-an ló ti ń wù mí í rí látìgbà tí wọ́n ti lọ.

Nígbà tí mo jí, mi ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ yàrá ni mo wà, mo dojú bolẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì ń gbóná bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá mi létí.