Igi Tínrín Tó Wà Nínú Alápàáńdẹ̀dẹ̀

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ra bàálù ajubọ́ǹbù kékeré. Ilé-iṣẹ́ méjì gbé tiwọn wá sí pápá kan ní Suffolk, kí awakọ̀ ìjọba fi wọ́n fò wò. Ogun ńlá ti parí láti bí ọdún mélòó kan, owó kò sì pọ̀ nílẹ̀ mọ́. Ọ̀kan péré ni wọn yóò mú.

Ambrose Pettifer ló ya àwòrán èyí tí wọ́n ń pè ní Alápàáńdẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Edith ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá àwọn obìnrin tí ń rán aṣọ bo apá bàálù, ti kú nígbà òtútù tó kọjá. Apá òsì Alápàáńdẹ̀dẹ̀ ni iṣẹ́ tó fi ọwọ́ rẹ̀ rán gbẹ̀yìn. Bí ìjọba kò bá mú bàálù yìí, ilé-iṣẹ́ wọn yóò ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé, àwọn aránṣọ náà yóò sì wábi gbà.

Cuthbert Lomax ló ni ìkejì, Àṣá. Bí ó bá ṣe pé ẹnu ń fò ni, Lomax kì bá tí nílò bàálù.

Òfin kan wà ní pápá náà: ẹni tó ya àwòrán bàálù kò gbọdọ̀ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ títí ìdánwò yóò fi parí. Ẹni tó bá rú u, bàálù rẹ̀ á padà sílé. Ṣùgbọ́n Venning awakọ̀ ní ajá kan, Bísíkíìtì, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, oníkùn ńlá, tí kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kò dárúkọ ajá. Àwọn ará ibẹ̀ sì rèé: ẹni tí kò lè kí aládùúgbò rẹ̀ yóò dúró bá ajá aládùúgbò náà tàkúrọ̀sọ títí tíì rẹ̀ yóò fi tutù nílé.

Lomax ló kọ́kọ́ rí ihò tó wà nínú òfin náà. Ó lóṣòó síwájú Bísíkíìtì, nígbà tí Venning dúró tì wọ́n, tó ń wọ ìbọ̀wọ́.

"Bísíkíìtì, ọmọ dáadáa! Ṣé o rí Àṣá mi? Bí òkúta ló ṣe ń já wálẹ̀. Kí ọ̀gá ẹ má bẹ̀rù, kó dorí ẹ̀ kodò dáadáa! Ṣùgbọ́n Alápàáńdẹ̀dẹ̀ bàbá yẹn… hùn-ún. Adìyẹ tó wọ aṣọ ìyàwó."

Venning ń wo ojú ọ̀run. Bísíkíìtì ń lá bàtà Lomax.

Ọ̀rọ̀ náà dun Pettifer, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe láàárọ̀ yẹn, ó sì rí i pé igi kan nínú apá òsì tínrín ju bó ṣe yẹ lọ. Bí awakọ̀ bá dorí bàálù kodò, tó wá fà á sókè lójijì, igi náà lè ṣẹ́. Bí Pettifer bá sọ fún Májọ̀ Hesketh, alábòójútó ìdánwò, wọ́n á ní kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Bó bá dákẹ́, Venning lè kú. Pettifer mọ bí ilé ṣe ń rí lẹ́yìn òkú. Ó lọ bá ajá náà níbi tí Venning ti ń wọ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

"Bísíkíìtì," ni ó wí, "ẹ má bínú, mi ò bá ajá sọ̀rọ̀ rí. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé tó bá dorí Alápàáńdẹ̀dẹ̀ kodò, kó rọra gbé e dìde. Igi apá òsì tínrín. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti àwọn tó rán an."

Venning dá ọwọ́ dúró lórí ìbọ̀wọ́. "Bísíkíìtì, o gbọ́?"

Ajá náà ju ìrù.

Lomax, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ti sáré dé ọ́fíìsì Májọ̀. "Ọ̀gá! Pettifer ti rú òfin! Ó ń tú àṣírí fún awakọ̀!"

"Ó bá Venning sọ̀rọ̀?" ni Hesketh bi í.

"Ó… ajá ló sọ ọ́ fún."

"Kí ni ajá wá fèsì?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀gá. Venning wà níbẹ̀!"

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ajá yẹn máa ń jíṣẹ́? Àbí ìwọ náà ti rán an rí?"

Lomax yíjú padà, ó jáde.

Lọ́sàn-án, Venning gbé Alápàáńdẹ̀dẹ̀ gòkè, ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì gbé e dìde bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Lẹ́yìn náà ó gbé Àṣá. Wọ́n ti sọ fún un pé bí òkúta ni í já, ó sì jẹ́ kó já bí òkúta. Gbàù! Páànù tó bo ẹ̀rọ iwájú ṣí, ó fò kọjá ọgbà, ó sì balẹ̀ sáàárín kábéèjì àlùfáà tó ń gbé nítòsí. Venning sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n epo dúdú ti kun ojú rẹ̀ tán.

Hesketh pe àwọn méjèèjì. "Àṣá ló yára jù, ṣùgbọ́n kò lè pa fìlà rẹ̀ mọ́ lórí. Pettifer, Bísíkíìtì ti jíṣẹ́ rẹ fún èmi náà; lọ fi igi tó nípọn sí apá yẹn, kí o gbé e padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá yege, a ó rà á."

"Èmi ńkọ́, ọ̀gá?" ni Lomax bèèrè.

"Ìwọ kọ́kọ́ lọ bẹ àlùfáà."

Lomax bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá," ló sọ fún Pettifer, "òtítọ́ lẹ fi rẹ́ mi jẹ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Pettifer lọ sídìí tẹlifóònù. Ìyáàfin Tibbet, tó gba ipò Edith, ló gbé e.

"Ọ̀gá, ṣé ká máa palẹ̀ mọ́?"

"Ẹ má palẹ̀ mọ́ o. A máa tú aṣọ apá òsì, ká pààrọ̀ igi, ká tún un rán."

"Èyí tí ìyàwó yín rán?"

"Òun náà ni."

"Tá a bá rán an wọ́, ó máa bú wa látọ̀run."

"Èmi ló máa kọ́kọ́ bú," ni Pettifer wí. Ó sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọgun pe àwọn yòókù kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́.