Ọdún tí Fẹ̀sọ̀jayé Fi Kọ̀wé Sílé Ọkọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tèmi. Ìtàn yìí ò gùn, ṣùgbọ́n orin wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá lóhùn kó bá mi gbè é.

Obìnrin kan wà ní Pobè tó ń jẹ́ Fẹ̀sọ̀jayé, àdín ló ń ṣe tà. Opó ni, kò sì bímọ. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ètè ń là, òun nìkan ní í máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lágbàlá. "Fẹ̀sọ̀jayé, o ti jẹun?" "Mo ti jẹun o, ẹ ṣé."

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ a-b-d, lọ́dọ̀ Màdáàmù Espérance. Màdáàmù yìí náà ló bá a ṣí ojú ewé kan sórí pọ́táábù rẹ̀, fóònù kékeré kan tí gíláàsì rẹ̀ ti sán.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe lọ́dún yìí?"

"Gbogbo ọjọ́ ọjà ni n ó máa kọ ìtàn kan nípa ọkọ mi, n ó sì máa fi orin parí ẹ̀. Kí ọdún ó tó tán, ẹnì kan nílé ọkọ mi ní Sakété á jẹ́ ìpè mi. Bí wọn ò bá jẹ́ mi, n ó ti ìlẹ̀kùn ojú ewé yìí pa."

Látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ ará Sakété dín, ó dín títí ó fi tán. Òun náà ò lọ. Aya tí ò lọ́mọ, ta ni yóò ní òun wá kí?

Nígbà tó di oṣù Ọ̀pẹ, tí ọdún ń lọ sópin, ó jókòó ti ìkòkò àdín, ó ń fi àtàǹpàkò yí gbogbo ohun tó kọ lọ́dún náà wò. Ìtàn bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń kọrin lórí ọ̀pẹ wà níbẹ̀. Bí ọkùnrin gìrìwò náà ṣe ń sá fún pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ibà dá a dúbúlẹ̀ pàápàá, ó kọ ìlà méjì. Ará Kútọnu kọ̀wé sí i, ará Ìbàdàn ní, "Ìyá, ẹ pa wá lẹ́rìn-ín." Sakété ò sọ nǹkan kan.

Ó bá dá orin:

*Mo ké sí yín, ọ̀fun mi ń gbẹ,*
*Ará ilé ọkọ, ẹ jẹ́ mi o.*
*Ẹyẹ oko ń jẹ́ra wọn,*
*Ará ilé ọkọ, ẹ jẹ́ mi o.*

Nígbà tó ku ọjọ́ ọjà kan péré kí ọdún ó parí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó rọ àdín sínú ìgò, ó wọ tásì, ó di Sakété.

Ràúdátù, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ń ta aṣọ nítòsí ọjà. Fẹ̀sọ̀jayé jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọkọ ni àbúrò ọkọ ń jẹ́ fún ìyàwó. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fi orúkọ tó fún un lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ pè é.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi, mo kí yín o."

Ràúdátù ò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń ká. "Hẹn-ẹn! Òǹkọ̀wé dé. Samiath, gbé àga wá, kó má baà kọ ọ́ pé a ò fún òun lága."

Samiath, ọmọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ìtàn pẹ́pẹ́yẹ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!"

"Ẹ kà á?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mò ń kà fún Màmá. Ti orí ọ̀pẹ yẹn, wọ́n ní kí n tún un kà—"

"Samiath, panu mọ́!"

"Ẹ kà á," Fẹ̀sọ̀jayé wí, "ẹ ò sì jẹ́ mi?"

"Ta ni ká jẹ́? Aya tó ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Ògúntúndé níbí, Ògúntúndé lọ́hùn-ún, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀! Ìyá wa kú láìpe orúkọ bàbá wa. Ìwọ gbé ti ẹ̀gbọ́n mi sí gbangba kí ará Ìbàdàn máa fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ."

"Ọkọ mi, kí ni kí n máa pè é? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pe tiwọn ní Bàbá Aurélie, Bàbá Brice. Bàbá ta ni tèmi? Nígbà ayé ẹ̀, 'Ẹ gbọ́ ná' ni mò ń pè é. Ta ni yóò mọ̀ pé 'Ẹ gbọ́ ná' gbélé ayé rí?"

Aṣọ tú lọ́wọ́ Ràúdátù.

"Dìde, ìyàwó wa. Máa pè é ní Bàbá Samiath. Ṣebí bàbá rẹ̀ náà ni. Pa orúkọ yẹn rẹ́ níbi gbogbo tó bá wà, gbogbo ọjọ́ ọjà la ó máa jẹ́ ọ."

"Mo gbọ́, ọkọ mi. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ayọ̀ ni Fẹ̀sọ̀jayé fi dáhùn. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọrin nínú tásì bọ̀ wá sí Pobè.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tó fi jókòó sídìí iṣẹ́. Ó ń pa orúkọ náà rẹ́, ó ń kọ òmíràn sí i. Bàbá Samiath gun ọ̀pẹ. Bàbá Samiath sá fún pẹ́pẹ́yẹ. Ó kà á sókè. Ó tún un kà.

Kò mọ ọkùnrin náà.

Èyí tó mọ̀ ò lọ́mọ níbì kankan. Ní ìrọ̀lẹ́, tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá jókòó ti abọ́ kan, ọkọ á ní, "Èmi nìyí, ìwọ nìyẹn. A pé." Bí ó bá sọ ọ́ di bàbá ọmọ, ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ńkọ́?

Ó dá orúkọ náà padà síbi gbogbo. Nígbà tí ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn pé, ó kọ ìtàn ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó kọ Ògúntúndé síwájú, ó kọ ọ́ sẹ́yìn, ó sì fi orin tì í:

*Èmi nìyí o, ìwọ dà?*
*Abọ́ kan náà ni mo gbé kalẹ̀.*

Sakété ò jẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Wọn ò jẹ́ lọ́jọ́ náà, wọn ò jẹ́ nígbà tí ọdún tuntun wọlé. Ṣùgbọ́n Fẹ̀sọ̀jayé ò ti ìlẹ̀kùn pa.

Àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń kọ orúkọ yẹn látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ, ẹnu rẹ̀ ò pè é rí láyé, àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó dìde dúró lágbàlá, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó sì pè é ketekete: "Ògúntúndé!"

Ó tẹ́tí sí bó ṣe dún. Ó dùn létí rẹ̀, ó bá tún un pè.