Ọyẹ́ Bá Simeon Nínú Bọ́ọ̀sì

Eyín Simeon ń gbá ara wọn pàkàpàkà bó ṣe ń ki bébà sìmẹ́ǹtì bọ àlàfo ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó wọ aṣọ akọrin lé súwẹ́tà, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ọwọ́. Síbẹ̀, ọyẹ́ ń gba abẹ́ jíà wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Haneef, aládùúgbò rẹ̀ ní Ìjàgun, ń ti mọ́sálásí bọ̀. Ó kan ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì.

"Simeon, o ṣì wà láyé?"

"Ara mi yá gágá."

"Eyín ẹ ni mo ń gbọ́ láti títì yẹn?"

Nígbà tí Simeon fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ra bọ́ọ̀sì àlòkù, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, ó gbé sítóòfù sí i. Ó ní òun àti Edith, ìyàwó òun, ìyá Jọmílójú ọmọ wọn, yóò máa gbé inú rẹ̀ káàkiri láti wàásù. Edith yí bọ́ọ̀sì náà po lójú Haneef, ó ní, "Pósí onítaya rèé." Simeon bá búra pé inú rẹ̀ lòun yóò máa sùn títí Edith yóò fi bẹ òun. Ooru ṣì ń mú nígbà náà. Kò rántí pé ọyẹ́ ń bọ̀.

"Ìkòkò èédú ni mo fẹ́ gbé wọ ibí lónìí," ni Simeon wí.

"Kí o sì ti ilẹ̀kùn? Èéfín ẹ̀ á pa ẹ́, ọ̀rọ̀ Edith á sì ṣẹ!"

Kí Simeon tó fèsì, agogo àdúrà òwúrọ̀ dún nínú ilé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà ìjà yìí, Edith ń gba tirẹ̀ nídìí fèrèsé, Simeon ń gba tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń rán Ọlọ́run síra wọn.

"Olúwa, ṣàánú àwọn tí agídí lé síta nínú òtútù!" Edith kígbe.

"Olúwa, kó ahọ́n àwọn obìnrin kan níjàánu!"

Haneef ti jókòó sórí bọ́ńpà, ó ń gbádùn ara ẹ̀.

Nígbà tí Edith tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Baba, n kò rí oorun sùn. Ikọ́ ọmọ Alárè ni mò ń gbọ́ ṣáá." Ó pẹ́ tó ti ki ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Mo pe ohun tó fi òógùn ojú rẹ̀ rà ní pósí, lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò dáa. Jẹ́ kó dárí jì mí."

"Àmín!"

Simeon ti wí i kó tó mọ̀. Láti kékeré, kì í gbọ́ àdúrà àtọkànwá kí ó má ṣe àmín sí i.

Haneef bú sẹ́rìn-ín. "Ó parí! O ti dárí jì í nìyẹn."

"Ọlọ́run ló bẹ̀. Kò bẹ̀ mí."

"Ṣé ìwọ wá ju Ọlọ́run lọ ni?"

Simeon sọ̀kalẹ̀, ó ń wọ́ aṣọ akọrin nílẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé. Ó ti to ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ: pé òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, pé òun fojú àánú wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Edith lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ìyá Jọmílójú, jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún mi."